Lákanmí Tó Se Ẹran Ìpín Nínú Ìkòkò Kan

Amọ̀ tútù kì í gbé amọ̀ tútù pọ̀n. Ọwọ́ tó pọ̀ kò ní kí iṣẹ́ má kù. Ohun tí gbogbo wa jọ ni, ẹ bi wá ní ọ̀la bóyá a mọ ibi tó wà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ló jáde fún Lákanmí nínú owó ẹyọ, ní ọjọ́ tí òrùlé jó kúrò lórí sàréè bàbá rẹ̀, tí àkọ́rọ̀ òjò sì ku oṣù méjì.

Iná ọyẹ́ ni. Ìdí àdìrò ló ti bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn sì tó yẹ̀ lórí, agboolé Olúpọ̀nà ti di eérú. Àwọn yòókù ṣì rí ògiri tí wọ́n lè tún gbé òrùlé lé. Ilé méjì ló wó délẹ̀ pátápátá: ilé Lákanmí, àti ilé Ẹfúnyẹmí, opó kan nínú agboolé náà, tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sínú ìyẹ̀wù tirẹ̀ náà.

Ilé tó wó kọ́ ló ń dun Lákanmí, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Inú ìyẹ̀wù ni wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí, bí a ti ń sin àgbà, kò sì tí ì pé ọdún. Wọ́n rẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ títí ó fi ń dán. Kò sí òkìtì, kò sí òkúta, nítorí kí ni èèyàn fẹ́ fi àmì ṣe nínú ilé ara rẹ̀? Ògiri ni àmì. Báyìí ẹsẹ̀ ògiri nìkan ló kù, oòrùn ọ̀sán sì ń wo òkú lójú. Àwẹ̀ró, ìyá rẹ̀, tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀.

“Òjò kò ní pa ọkọ mi bí ewúrẹ́ tó ṣìnà,” ló wí. “Ibi tó bá ti bá a ni yóò ti bá èmi náà.”

Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò dìde. Ni Lákanmí bá gba ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣúnrónkẹ́ lọ, ìyá arúgbó tó ń da ẹyọ mẹ́rìndínlógún ní ìsàlẹ̀ odò. Ó bá Ẹfúnyẹmí níbẹ̀, tí òun náà ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀ṣúnrónkẹ́ da ẹyọ sórí atẹ. Mẹ́jọ ṣíjú, mẹ́jọ dojú bolẹ̀.

“Ilé lo fẹ́ kọ́.”

“Ìyá, ẹni tó bá gba iwájú agboolé wa kọjá mọ ìyẹn.”

Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. “Òbúkọ kan ni ẹbọ rẹ, àti okùn gígùn kan.”

“Òbúkọ wà. Okùn wà. Mo dúpẹ́.”

“Má tíì dúpẹ́. Bí ẹ bá pa ẹran nílé yín, ta ló ń jẹ orí?”

“Olórí ẹbí ni.”

“Itan ńkọ́?”

“Ti àwọn àna ni.”

“Bí itan bá sọnù, ṣé ẹ ń mọ ẹni tí ẹ máa bi?”

“Ha! A mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìjà ló máa dé.”

“Bẹ́ẹ̀ ni kí o ṣe pín ilé náà kí o tó kọ́ ọ. Gé e sí ọ̀nà mẹ́rìndínlógún. Omi pípọn, ìpín kan. Amọ̀ pípò, ìpín kan. Ìpele ògiri márùn-ún, ìpín márùn-ún. Igi òrùlé, koríko, okùn dídì, títí tó fi máa kan ẹni tí yóò rẹ́ ilẹ̀ gbẹ̀yìn. Gé òbúkọ náà sí mẹ́rìndínlógún, kí o gbé e kiri ojúlé. Ẹni tó bá jẹ ẹran koríko, ọrùn rẹ̀ ni koríko wà. Ta kókó mẹ́rìndínlógún sára okùn, gbé e kọ́ ibi iṣẹ́. Iṣẹ́ tó bá parí ni kí o tú kókó rẹ̀. Èyí tó ku díẹ̀, má fọwọ́ kàn án. Bí ìpele ògiri kan bá sì dúró, jẹ́ kó sinmi ọjọ́ márùn-ún kí èkejì tó gùn ún.”

Ẹ̀rín pa Lákanmí. Olórí ọ̀wẹ̀ ni ní gbogbo ìlú. Kò sí oko ẹni tí kò tíì fi ọkọ́ kàn, kò sì sí ẹni tí kò jẹ ẹ́ ní iṣẹ́ ọjọ́ kan padà.

“Ìyá, igba èèyàn ni mo ní! Kí n máa ṣọ́ ògiri fún ọjọ́ márùn-ún-márùn-ún? Ọjọ́ méjì, ògiri ti dé òkè.”

“Ṣé igba èèyàn náà máa fẹnu fẹ́ ògiri kó gbẹ ni?”

“Okùn oníkókó, ẹni tí kò ní èèyàn lẹ jẹ́ kó lò ó,” ni Lákanmí wí, ó sì dìde.

Ẹfúnyẹmí wọlé. Ẹyọ jáde bákan náà, ọ̀rọ̀ kan náà ló gbọ́.

“Ìyá, gbogbo èèyàn tí mo ní kò ju mẹ́sàn-án lọ.”

“Àwọn kan á jẹ ìpín méjì nìyẹn. Kí kálukú ṣáà ti mọ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀.”

Lákanmí kò sọ pé òun ò rúbọ o. Ó pa òbúkọ, òbúkọ tó sanra. Ṣùgbọ́n inú ìkòkò ńlá kan ló se gbogbo rẹ̀ sí, ó ní kí igba èèyàn wá jẹun. Wọ́n jẹ, wọ́n lá ọwọ́, wọ́n yìn ín dé ọ̀run. Ta ló jẹ itan? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Okùn ńkọ́? Ó fi so àgùntàn mọ́lẹ̀.

Ẹfúnyẹmí ní tirẹ̀ ń gbé ẹran kiri ojúlé. Òbúkọ rẹ̀ gbẹ bí igi, àwọn èèyàn sì fi ṣẹ̀fẹ̀.

“Ìyàwó wa,” Láwọyin, àbúrò ọkọ rẹ̀, wí fún un, “ẹran yìí mà kéré o! Eyín wo ni kí n gbé e sí?”

“Ọkọ mi, eyín tó máa gé koríko ni kí ẹ gbé e sí.”

Láwọyin rẹ́rìn-ín, ó jẹ ẹ́. Ọjọ́ kẹta, ó mú dòjé, ó gba ọ̀dàn lọ. Nígbà tó di ìtí koríko tó kẹ́yìn, Ẹfúnyẹmí tú kókó kan.

Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ Lákanmí, ìlú gbọn! Orin lọ́tùn-ún, orin lósì. Àwọn kan ń pò amọ̀, àwọn kan ń jù ú, àwọn kan ń mọ ọ́n. Kí oòrùn tó wọ̀, ògiri ti dé àyà. Ní ọjọ́ kejì, ó ga ju èèyàn lọ. Àwẹ̀ró jókòó sáàárín rẹ̀ lórí ẹní, amọ̀ tútù ń kán lé e léjìká.

“Ìyá, ẹ wò ó! Ilé Ẹfúnyẹmí ò tíì kọjá orúnkún!”

Àwẹ̀ró gbé ojú sókè. “O ṣeun, ọmọ mi. Ta ló ń gé koríko?”

“Àwọn èèyàn wa ni.”

“Àwọn wo nínú wọn?”

“Gbogbo wọn ni, Ìyá.”

Ìyá náà nu amọ̀ kúrò léjìká, ó tún gbé ọwọ́ lé ilẹ̀.

Ọ̀wẹ̀ túká, kálukú padà sí oko tirẹ̀. Nígbà tí ìkùukùu àkọ́kọ́ yọ lójú ọ̀run, Lákanmí ké pe àwọn èèyàn rẹ̀ pé ó tó àkókò láti bo ilé. Wọ́n wá. Igi òrùlé, mẹ́ta péré. Koríko, kò sí ẹyọ kan.

“Ṣebí ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀ lẹ máa gé e?”

“Àwa? Àwa lérò pé ará òkè ni!”

“Ará òkè kẹ̀? Amọ̀ la pò ní tiwa o!”

Wọ́n ń wo ojú ara wọn. Ẹni tí Lákanmí ìbá dì mú, kò sí. Ó sáré lọ sí ọ̀dàn. Àwọn ọdẹ ti dáná sungbó láti oṣù tó kọjá, eérú ló bá, ilẹ̀ dúdú lọ títí ojú ò fi tó o mọ́.

Ó gba ilé Ẹfúnyẹmí. Ìpele karùn-ún ti gbẹ, ó le bí òkúta. Kókó méjì ló kù lára okùn. Láwọyin wà lórí òrùlé, ó ń gba ìtí koríko.

“Ìyàwó, jọ̀ọ́. Ìdajì péré.”

Ẹfúnyẹmí wò ó, omi bọ́ lójú rẹ̀. “Ọkọ mi, ilé mi nìkan ló tó. Bí mo bá pín in, òkú méjì ni òjò máa pa. Ẹ gbé ìyá wá sọ́dọ̀ mi.”

Àwẹ̀ró kọ̀, ó ní òun kì í fi ọkọ sílẹ̀ lọ sùn nílé onílé.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹrin ni òjò dé. Kì í ṣe òjò ẹ̀sọ̀. Ògiri Lákanmí, tí inú rẹ̀ kò fìgbà kan gbẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Ó wú, ó la. Lákanmí rìn wọlé, ó gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n tipátipá, ìyá ń lù ú lẹ́yìn: “Dá mi padà! Lákanmí, dá mi padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ!” Ẹsẹ̀ wọn kò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà tí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi dojú bolẹ̀ sínú ìyẹ̀wù.

Nígbà tí òjò dá, ẹrẹ̀ ló kù. Ẹsẹ̀ ògiri àtijọ́ ti bá ẹrẹ̀ lọ. Àwọn ará ọ̀wẹ̀ gbọ́, wọ́n sáré wá, igba ọkọ́ lẹ́ẹ̀kan náà! Èyí ń walẹ̀ níhìn-ín, èyí ń walẹ̀ lọ́hùn-ún. “Ibí ni!” “Rárá, apá ibí ni!” Nígbà tí wọ́n fi máa dúró, kò sí ibi tí ọkọ́ ò tíì yí ilẹ̀ rẹ̀ pa dà.

Àwẹ̀ró dúró létí ẹrẹ̀, ó fa ọmọ rẹ̀ lápá.

“Lákanmí, fi ibi tí orí bàbá rẹ wà hàn mí.”

Lákanmí wolẹ̀. Kò rí ohun tó máa nawọ́ sí.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá ká ẹní rẹ̀, ó padà sí ìlú àwọn bàbá rẹ̀. Kò bú ọmọ rẹ̀, kò sì súre fún un.

Ẹfúnyẹmí gbọ́ ẹbọ, ó pín in, ó sì rí ire. Kókó ìkẹyìn tú kí òjò tó dé. Ó ṣe ìrántí ọdún ikú ọkọ rẹ̀ lábẹ́ òrùlé, ó dàgbà nínú ilé náà, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ sì ń rá kòrò lórí ilẹ̀ tó ń dán. Ó ń yin Ọ̀ṣúnrónkẹ́, Ọ̀ṣúnrónkẹ́ ń yin owó ẹyọ. Lákanmí tó fi ẹbọ ṣe ẹ̀rín, àbámọ̀ ló bá a kalẹ́. Ọdọọdún, bí ọjọ́ bàbá rẹ̀ bá pé, a máa gbé igbá omi tútù dání. Níwọ̀n bí kò ti mọ ibi tí yóò dà á sí, a máa rìn yí gbogbo ilẹ̀ náà ká, a máa da díẹ̀ síhìn-ín, a máa da díẹ̀ sọ́hùn-ún, títí igbá yóò fi gbẹ.