Bí Ọ̀kẹ́tẹ́ Ṣe Tọ́ Omi Èso Ìyá Erin Wò Dé Ìsàlẹ̀ Igbá

Àlọ́ mi yìí já gbì látorí igi, ó ré Ìgalà kọjá, ó ré Ẹfọ̀n kọjá, kò balẹ̀ síbì kankan àfi sórí Ọ̀kẹ́tẹ́ ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ méjì. Ẹ má bi mí pé ta ni kò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì. Gbogbo wa la ní in, ṣùgbọ́n àpò ni Ọ̀kẹ́tẹ́ fi tirẹ̀ ṣe.

Òǹgbẹ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan mú débi pé òjìji pàápàá ń wá ibòòji tí yóò sá sí. Odò fà, koríko gbẹ, àkèré gbàgbé bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Èso nìkan ló pọ̀ nínú igbó, nítorí ìgbà yẹn gan-an ni máńgòrò ń pọ́n.

Erin ni olórí igbó náà, Erin sì ní ìyá. Ìyá yìí ti dàgbà títí gbogbo eyín rẹ̀ fi tán. Kò lè fọ́ èèpo igi mọ́, kò lè jẹ koríko gbígbẹ, bí wọ́n bá sì gbé ọ̀pẹ òyìnbó fún un, ńṣe ló máa ń yí i kiri lẹ́nu títí yóò fi sú u. Ebi ń pa á. Egungun ìhà rẹ̀ ti ń yọ síta, èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín fún ọmọ tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Erin pe gbogbo ẹranko jọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará, bí ìyá mi ò bá rí nǹkan jẹ kí òjò tó dé, a máa sin wọ́n ni. Ta ló lè bá mi sọ èso di mímu fún wọn?"

Ẹfọ̀n ní òun lè fi pátákò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n dán an wò. Máńgòrò fọ́n sójú àwọn àgbà, ìyókù wọlẹ̀ lọ, èèrà ló jàsè ọjọ́ náà. Erin alára wá fẹsẹ̀ tẹ ìbẹ́pẹ kan lẹ́ẹ̀kan péré. Títí di òní a ò tíì rí ìbẹ́pẹ náà.

Ọ̀kẹ́tẹ́ wà lẹ́yìn èrò, òórùn máńgòrò ń wọ̀ ọ́ nímú, itọ́ ti kún un lẹ́nu. Ó bọ́ síwájú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kí ẹ pẹ́, Àjànàkú. Iṣẹ́ ọlọ kì í ṣe iṣẹ́ pátákò. Ọwọ́ kékeré niṣẹ́ yìí ń fẹ́, ẹ sì wo ọwọ́ mi."

Wọ́n wo ọwọ́ rẹ̀. Lóòótọ́, ó kéré.

"Báwo lo ṣe máa ṣe é?" Erin bi í.

"Màá bó máńgòrò. Màá la ìbẹ́pẹ, màá kó kóró inú ẹ̀ dànù torí ó korò. Màá yọ ojú ara ọ̀pẹ òyìnbó lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má baà ha màmá lọ́fun. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n dáadáa ló máa jẹ́ kó ki. Tí mo bá lọ gbogbo ẹ̀ kúnná, màá fi omi àgbọn pò ó, màá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, màá ha atalẹ̀ bíńtín lé e. Màá wá gbé e sínú ìkòkò amọ̀, màá ri ìkòkò mọ́ inú iyanrìn tútù nísàlẹ̀ odò tó fà. Tílẹ̀ bá fi máa mọ́, tó bá kan màmá lọ́fun, wọ́n á rò pé òjò ti dé."

Ẹkùn tí kì í jẹ èso rí láyé rẹ̀, òun náà gbé itọ́ mì.

"Kí la máa san fún ẹ?" ni Erin wí.

"Èmi kẹ̀? Ṣé ọmọ ń gbowó lọ́wọ́ ìyá ni?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ọ̀kẹ́tẹ́ dáadáa, ẹ dákun, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀bọ gun igi, ó já èso wá. Ọ̀kẹ́tẹ́ jókòó ti ọlọ, ó sì ṣiṣẹ́. Èmi kì í fi òtítọ́ du ẹnikẹ́ni, ọ̀lẹ kọ́ ni ẹranko náà. Ó bó, ó gé, ó lọ̀ ọ́, ó ń kọrin, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń gbè é nínú ihò:

Máńgòrò, rọra yọ́. *Rọra yọ́.*
Ìbẹ́pẹ, rọra yọ́. *Rọra yọ́.*
Ìyá àgbà ò léyín mọ́. *Rọra yọ́.*
Èmi tí mo léyín ń bọ̀ lẹ́yìn. *Rọra yọ́.*

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé igbá omi èso lọ síwájú Ìyá Erin. Ó tutù, ó pọ́n bí oòrùn àárọ̀, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo igbó kan. Nínú igbó náà, bíi tilé wa níbí, ẹni tó bá gbé nǹkan mímu fún àgbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú àgbà náà, kí gbogbo ayé lè rí i pé kò sí ohun búburú níbẹ̀. Ẹnu kan péré ni, kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kẹ́tẹ́ ti orí bọ igbá. Wọ́n retí pé yóò gbé e sókè. Wọ́n retí títí, ńṣe ni igbá ń fà bí odò.

"Ọ̀kẹ́tẹ́," ni Erin wí, "ṣé o ṣì ń tọ́ ọ wò ni?"

Ó gbórí sókè, ìfófòó bo irùngbọ̀n rẹ̀. "Àjànàkú, ìyá yín ni. Ẹ̀mí àgbà kì í ṣe ohun tá à ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ṣé ẹ rí májèlé, kì í léfòó, ìsàlẹ̀ ló máa ń rì sí. Ẹni tó bá fẹ́ràn àgbà dénú gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò dé ìsàlẹ̀ ni."

Àwọn àgbà wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa sọ pé ẹ̀mí ìyá olórí kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹfọ̀n mi orí, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n lèyí." Bó ṣe di òfin nìyẹn.

Ohun tó kù nínú igbá kò tó fi yọ ẹnu. Ìyá Erin fi ọwọ́jà rẹ̀, imú gígùn náà, fà á mu.

"Ó dùn, ọmọ mi," ló wí. "Ó dùn débi pé mo mọ̀ pé mi ò tíì mu ún."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a bọ̀ láràárọ̀. Ara Ọ̀kẹ́tẹ́ ń dán, ikùn rẹ̀ ń yọ, ó sanra títí kò fi lè gba ẹnu ihò ara rẹ̀ wọlé mọ́, àfìgbà tí Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ gbẹ́ ẹ fẹ̀. Ìhà Ìyá Erin kò sì kúrò níta.

"Baálé mi," ni Àwẹ̀ró wí bó ṣe ń gbẹ́ ihò, "oúnjẹ ẹnu arúgbó lẹ̀ ń jẹ yìí."

"Òfin ni mò ń tẹ̀ lé."

"Òfin tẹ́ ẹ fẹnu ara yín ṣe."

"Ẹnu ta ni kí n fi ṣe é?"

Àwẹ̀ró pòṣé, ó ń gbẹ́ ihò rẹ̀ lọ. Inú ń bí i, kì í sì í ṣe tìtorí ihò.

Erin ti rò ó títí, ó gbà pé igbá náà ló kéré jù. Ó ní kí gbogbo ẹranko kó èso wá, kí wọ́n fi kún àmù ńlá, kí gbogbo ìlú wá bá ìyá òun mu, bóyá bí ó bá ń mu láàárín èrò, ara rẹ̀ á yá. Èso tí wọ́n kó jọ ga ju Ìgalà lọ. Ọ̀kẹ́tẹ́ wò ó, ọkàn rẹ̀ kò gbé e pé kí gbogbo èyí gba ọ̀fun ẹlòmíràn lọ.

Ó lọ èyí tó dára, ó kún àmù kan dé ẹnu, ó sì ri àmù náà mọ́ inú iyanrìn lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Fún àwọn ará ìlú, ó wá lọ ìbẹ́pẹ tútù pẹ̀lú kóró rẹ̀, èèpo ọsàn, ewé ewúro, àti ata wẹẹrẹ ẹ̀kún ọwọ́ méjèèjì. Ó fi máńgòrò díẹ̀ sí i kí àwọ̀ rẹ̀ lè dára.

"Tí wọ́n bá ti fẹnu kàn án báyìí," ó sọ fún Àwẹ̀ró, "wọ́n á ní èso ọdún yìí ti bàjẹ́. Oníkálukú á gbalé ẹ̀ lọ. Àwa á wá jókòó ti àmù wa."

"Ta ló máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò?"

"Ètè lásán ni màá fi kàn án. Ìwọ ṣáà bá mi ṣọ́ àmù."

Gbogbo ìlú pé. Ọ̀kẹ́tẹ́ gbé igbá àkọ́kọ́ síwájú Ìyá Erin, ó fi ètè kàn án, ó gbórí sókè kíá.

"Ó dùn. Ẹ máa mu, Màmá."

Ìyá Erin na imú rẹ̀ gígùn sórí igbá, ó fà á símú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹ mọ̀, eyín ló ti lọ lẹ́nu ìyá yìí, imú rẹ̀ kò bá eyín lọ. Láti àárọ̀ ọjọ́ kìíní ló ti ń gbóòórùn máńgòrò lẹ́nu Ọ̀kẹ́tẹ́, ṣùgbọ́n kí ni yóò sọ? Ẹni tó bá ń pa àṣà mọ́, ẹjọ́ kí lẹ máa rò mọ́ ọn lẹ́sẹ̀? Lónìí, òórùn ewúro ló ń gbọ́.

"Ọmọ mi," ló wí jẹ́jẹ́, "o ò tíì dé ìsàlẹ̀."

"Màmá, èmi náà ni mo ṣe é. Tòní mọ́ tónítóní."

"Ìwọ lo ní ẹ̀mí àgbà kì í ṣe ohun tá à ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ṣé òní lẹ̀mí tèmi wá di yẹpẹrẹ?"

Gbogbo ojú yí sí Ọ̀kẹ́tẹ́. Bó bá kọ̀, a jẹ́ pé ó fẹ́ fi májèlé pa ìyá olórí. Erin sì ti sún mọ́ ọn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó pàdé ìbẹ́pẹ lọ́jọ́sí. Ọ̀kẹ́tẹ́ ti orí bọ igbá. Kò gbé e mì o, ọlọ́gbọ́n ni. Ó kó o sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó kó o sí tòsì, títí igbá fi gbẹ. Ata bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú àpò méjèèjì. Omi ń dà lójú rẹ̀.

"Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́kún?" ni Ẹfọ̀n bi í.

Kò lè la ẹnu. Ó nawọ́ sí Ìyá Erin, ó sì gbé ọwọ́ lé àyà.

"Ó mà fẹ́ràn màmá o," ni àwọn èrò ń wí, àwọn obìnrin kan sì ń nu ojú.

"Mo rí i," ni Ìyá Erin wí. "Bá mi tọ́ ti ọmọ mi náà wò."

Igbá Erin tó ohun tí ewúrẹ́ lè wẹ̀ nínú rẹ̀. Àyè kò sí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́, nítorí náà Ọ̀kẹ́tẹ́ ń gbé e mì. Ìgbà tó fi máa dé ìsàlẹ̀, etí rẹ̀ ti nà ṣánṣán, ìrù rẹ̀ ti le gbọnrangandan. Ẹfọ̀n gbé igbá tirẹ̀ dìde, ó ní, "Tèmi ńkọ́? Ṣé ẹ̀mí tèmi ò jọ ẹ̀mí ni?" Ìgalà tò sẹ́yìn rẹ̀, Ìmàdò tò sẹ́yìn Ìgalà. Òòrẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í sún mọ́, òun náà gbé igbá wá.

"Ẹ dúró ná," ni Ìyá Erin wí. "Ẹni tó bá tọ́ nǹkan wò tán, ṣebí ó yẹ kó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ó dùn. Ọ̀kẹ́tẹ́, mo ń gbọ́."

Ọ̀kẹ́tẹ́ mi orí. Ìyá Erin ní ìyẹn kò tó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín náà korò. Ìyá Erin ní kò tó. Ó wá la ẹnu díẹ̀, kí ó lè sọ pé "Ó dùn", ni ohun tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì bá tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Tọ̀tún bá Ẹfọ̀n lójú, tòsì wọ Erin nímú. Erin sín, ewé já lórí igi.

Ọ̀kẹ́tẹ́ kò dúró gbọ́ ìyókù. Ẹnu rẹ̀ ń jó, ọ̀fun rẹ̀ ń jó, ikùn rẹ̀ ń jó, odò sì ti fà. Ibì kan ṣoṣo ló kù tí nǹkan tútù wà. Ó sá gba àárín èrò kọjá, ó kọrí sí ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀, gbogbo ìlú sì tú tẹ̀ lé e. Bí ó ti débẹ̀, Àwẹ̀ró ló bá tó jókòó lórí ìdérí àmù, ó káwọ́ gbera.

"Àwẹ̀ró, dìde, mò ń kú lọ."

"Baálé mi, ti Màmá nìyí. Ẹ má bínú."

Níbi tí ó ti ń bẹ̀ ẹ́ ni Erin dé. Òun ló gbé àmù náà jáde nínú iyanrìn, ó sì gbé e síwájú ìyá rẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kan bèèrè pé ta ni yóò tọ́ ọ wò. Ìyá Erin ní, "Ẹni tó jókòó lé e tí ò mu ún ti tọ́ ọ wò fún mi." Ó ki imú bọ̀ ọ́. Ó mu, ó mí, ó tún mu, títí ó fi mu ìkán tó kẹ́yìn tán. Ó gbin lẹ́yìn náà, gbígbin ẹni tó yó, Erin tó jẹ́ Erin sì sunkún bí ọmọdé.

Erin fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ Ọ̀kẹ́tẹ́ mọ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní rárá.

"Ọwọ́ ẹ̀ dáa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ló bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa lọ̀ ọ́ fún mi láràárọ̀. Ṣùgbọ́n kó tó jókòó ti ọlọ, ẹ di ekùrọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ méjèèjì títí kò ní ní àyè. Tó bá parí iṣẹ́, kó wá la ẹnu fún wa wò."

Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀kẹ́tẹ́ ṣe lọ èso títí òjò fi dé, òórùn rẹ̀ nímú, ekùrọ́ lẹ́nu. Kò rí ẹnu kọrin mọ́. Ìyá Erin sanra, òun ló ń kọrin.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣòfin fún ìlú, kó má fi ikùn ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá sì rò pé irọ́ ni mo pa fún yín, ẹ lọ mú Ọ̀kẹ́tẹ́ nínú ihò rẹ̀, kí ẹ la ẹnu rẹ̀ wò, kí ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ bá níbẹ̀ fún mi.