Òkété Ẹlẹ́gàrí àti Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Dídúró

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ tún un gbè, ẹ̀yin tí ẹ jẹun yó tán tí ohùn yín wá dà bí ti ọmọ ológbò. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò wìì, ó rà bàbà lókè, kò bà lé ọba, kò bà lé ìjòyè, ó já lulẹ̀ gbì, ó di orí Òkété ẹlẹ́gàrí.

Nígbà náà, orí ilẹ̀ ni Òkété ń gbé, ojúmọmọ ló sì ń rìn bí èmi àti ẹ̀yin. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ ló fi hú ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ jẹ. Ìgbà tó dàgbà, ó dá ilé iṣẹ́ gàrí sílẹ̀, òun náà wá ń lé olè. Bí ayé ṣe rí nìyẹn.

Iṣẹ́ gàrí kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rin ín, wọ́n á dì í sápò, wọ́n á gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro, wọ́n á sì fi sílẹ̀ títí yóò fi kan kí wọ́n tó sẹ́ ẹ, kí wọ́n tó yan án. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ni tiwọn, irú èyí tí ewúrẹ́ ń jẹ tí kì í padà délé. Kíkan yẹn ló ń lé ikú jáde nínú rẹ̀. Òkété mọ èyí kó tó hu eyín; ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gbòòrò, orí kan kò gbé e mọ́. Ẹni tó ń ra ẹ̀gẹ́ kò mọ ohun tí ẹni tó ń yan án ṣe, ẹni tó ń yan án kò sì mọ ohun tí wọ́n tà lọ́jà. Wọ́n ní kó lọ ra sọ́fúwíà, ìyẹn ọgbọ́n tí wọ́n ń kó sínú kọ̀ǹpútà, èyí tí yóò so ríra, ṣíṣe àti títà pọ̀ bí okùn ṣe ń so ìgbálẹ̀. Wọ́n ní oríṣiríṣi rẹ̀ ló wà lọ́jà ẹranko, kó fara balẹ̀ yàn.

Ìsọ̀ Ẹtu ló kọ́kọ́ yà sí. Sọ́fúwíà ti Ẹtu kéré, kò dán. Àwọn ológì àti àwọn onífùfú ló ṣe é fún. Dípò kí Ẹtu máa polówó, ìbéèrè ló ń bi í.

"Ìyá, nínú iṣẹ́ yín, kí lẹ máa ń dúró dè?"

Ojú Òkété fà ro. Ó ní ẹni tó wá ra ọgbọ́n ni wọ́n tún ń bi ní ọgbọ́n. Ó kọjá síwájú.

Ọ̀kẹ́rẹ́ nìyẹn lódì kejì, tòun ti kóòtù, tòun ti táì, ó ń ju ìrù fìrìfìrì. Òun kò béèrè ohunkóhun. Ó ní Kò-Sóhun-Tí-N-Ò-Mọ̀ lorúkọ sọ́fúwíà tòun, òun sì ni Erin fi ń darí ilé iṣẹ́ ìfọ́kúta rẹ̀.

"Màdáàmù, ẹgbẹ́ àwọn ológì lẹ fẹ́ wà ni, àbí ẹgbẹ́ Erin?"

Eku kan wà láyé tí wọ́n máa bi níyẹn tí kò ní wú bí? Òkété rà á. Ó délé, ó kéde pé ẹni tó bá bá ẹ̀rọ jiyàn kó di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ.

Ó kọ́kọ́ dùn. Àfi ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọjà ku ọ̀la, tí kọ̀ǹpútà dún gáún, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Àpò dúró sójú kan. Ohun tó dúró ń jẹ èrè. Ẹ gbé e jáde.

Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rin lánàá ni. Òkété pe Ọ̀kẹ́rẹ́ lórí fóònù, ìyẹn rẹ́rìn-ín, ó ní kó má ṣojo, ó ní lọ́dọ̀ Erin òkúta kì í dúró. Òkúta kì í kan, òkúta kì í sì í pa ẹni tó bá bù ú mu. Òkété mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti fọ́nnu. Ọ̀yà, olórí òṣìṣẹ́ rẹ̀, dúró, ó ń wo ẹnu rẹ̀, kò fẹ́ di ẹrù rẹ̀, torí ó ní ìyàwó àti ọmọ nílé.

"Ẹ gbé e," ni Òkété wí. "Ẹ yan án."

Bí wọ́n ṣe gbé òkúta kúrò lórí àpò, ni àpò bá ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Òkété, Òkété o,
*A ò tíì kan.*
Ẹ̀rọ ní ká máa lọ,
*A ò tíì kan.*
Ikú ń bẹ nínú wa,
*A ò tíì kan.*
Ta ni yóò kọ́kọ́ bù wá jẹ?
*A ò tíì kan.*

Gbogbo wọn gbọ́. Oníkálukú wolẹ̀. Òkété lọ ti fèrèsé.

Gàrí dọ́jà lọ́jọ́ kejì. Àrínpé, ọmọ kan ṣoṣo tí Òkété bí, ló ń tà á. Ọmọ yìí kì í tú àpò kó má ju ẹ̀kúnwọ́ sẹ́nu. Ilé iṣẹ́ gàrí ni wọ́n bí i sí, kí lẹ fẹ́ kó ṣe?

Ní ọ̀sán, Òkété bu ìyókù tó wà nínú agbada tọ́ wò. Kò kan. Ó korò. Ó ń tu itọ́ lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ Àrínpé sọ sí i lọ́kàn, pàù! Bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó ń sáré, kùtùpà kùtùpà, orin náà ń sá tẹ̀ lé e:

Ta ni yóò kọ́kọ́ bù wá jẹ?
*A ò tíì kan.*
Ọmọ ẹni ni àbí ọmọ ẹlòmíì?
*A ò tíì kan.*

Ó dé ọjà. Àrínpé ti ṣubú sábẹ́ ìsọ̀, ojú rẹ̀ funfun, ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn oníbàárà dúró yí i ká, wọ́n ní oòrùn ló pa á. Ewúrẹ́ ti bomi sí gàrí tirẹ̀, ó ń wá ṣúgà.

Ọ̀kẹ́rẹ́, tó wá ṣe fáàrí lọ́jà, rọra súnmọ́ Òkété létí. "Ẹ sọ pé ibà ni, Màdáàmù. Ẹ rántí orúkọ yín."

Òkété wo ọmọ rẹ̀. Ó wo abọ́ tó wà lọ́wọ́ Ewúrẹ́, àwọn ọmọ Ewúrẹ́ sì rọ̀ mọ́ ìyá wọn láṣọ. Ó ta abọ́ náà nípàá, gbàrà.

"Ẹ má jẹ ẹ́. Gàrí mi ni. Kò kan. Èmi tí mo mọ̀ ni mo ní kí wọ́n gbé e."

Ọ̀kẹ́rẹ́ wá ń gbọn táì, ó ní sọ́fúwíà òun kì í parọ́, gàrí náà dára. Ewúrẹ́ lọ bu òmíràn, ó bomi sí i, ó nà án sí Ọ̀kẹ́rẹ́.

"Ó dáa, ọ̀gá. Mu ún."

Ọ̀kẹ́rẹ́ wo abọ́, ó wo igi. Gìrìgìrì, ó ti dókè. Títí di òní, orí igi ló ti ń ṣẹnu kẹ́kẹ́kẹ́, kò jẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wá dúró lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Wọ́n gbé Àrínpé tọ àwọn tó mọ ìtọ́jú lọ. Òkété jókòó, ó di ọmọ mú lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ náà tutù bí omi àmù. Oòrùn pọ́n lójú ọ̀run kí ọmọ náà tó mí kanlẹ̀, tó la ojú.

"Ìyá mi," ló wí, "ó korò."

Láti ọjọ́ náà ni Òkété kò ti lè gbójú sókè wo ojú ará ìlú mọ́. Ó gbẹ́ ihò, ó wọ̀ ọ́, àfi bí ilẹ̀ bá ṣú kó tó yọjú. Wọ́n ní sọ́fúwíà Ẹtu ló ń lò níbẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá láyà nínú yín, kó wọlé lọ bi í.

Àlọ́ yìí kọ́ wa pé ẹni tó fẹ́ ra ohun tí yóò darí iṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò, kó má wo ti Erin. Ó sì kọ́ wa pé ẹni tó mọ òótọ́ tó fi ẹ̀rọ bojú, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé ikú jáde.

Ibi tí àlọ́ mi fìdí sọlẹ̀ rèé, ó jókòó gbọnin. Bí mo bá parọ́, kí n rẹ gàrí lálẹ́ òní kó má wú. Bí n kò bá parọ́, kó wú kó kún abọ́. Ó wú àbí kò wú?

Ó wú!