Ìdí Tí Páàdì Bíréèkì Fi Ń Ké, Tí Ọkọ̀ Sì Ń Tẹrí Ba

Nígbà láéláé, nígbà tí irin ṣì ń sọ̀rọ̀, tí ọkọ̀ sì máa ń dáhùn tí a bá kí i, páàdì bíréèkì kì í ké. Páàdì ni awẹ́ kékeré tó máa ń fún àwo irin ìdí táyà mọ́ra kí ọkọ̀ lè dúró. Á máa ṣiṣẹ́, á máa jẹ lọ díẹ̀díẹ̀, kò ní wí nǹkan kan.

Ọkọ̀ eré pupa kan wà nígbà náà. Ó lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí alángbá tó ń yá oòrùn, ariwo rẹ̀ sì ń jí gbogbo àdúgbò. Àmọ́ òun nìkan ló gbà fún ara rẹ̀ láti pariwo.

"Ìwọ Páàdì," ló máa ń wí, "mi ò fẹ́ gbọ́ kín-ín lẹ́nu rẹ o. Èmi ni wọ́n ń wò. Ta ló ń wò ọ́?"

Páàdì á dákẹ́. Ó dákẹ́ títí ó fi tín-ín-rín bí èékánná.

Oyèníran ló ni ọkọ̀ náà. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilé rẹ̀ wà. Nígbà tó rí i pé páàdì ti fẹ́ jẹ tán, ó ká apá aṣọ sókè, ó gbé jáàkì.

"Bàbá Tanímọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pe mẹkáníìkì," ni Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ wí.

"Mẹkáníìkì kẹ̀? Ṣebí mo ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wo àwọn tó ń kan àga. Ta ló wá lè jókòó lórí èyí tí ẹ kàn?"

Oyèníran ti ń tú táyà. Ó yọ páàdì àtijọ́, ó fi tuntun sí i. Ni ọkọ̀ bá ké sí i: "Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí àlejò yìí fi ariwo bà mí lórúkọ jẹ́ o!"

Oyèníran ronú. Ọmọ tuntun kì í ké bí a bá fi òrí pa á lára dáadáa. Ó wọlé, ó gbé igbá òrí Tanímọlá, ó sì fi pa páàdì lára títí ó fi ń dán bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

"Òrí ọmọ mi!" ni Àṣàkẹ́ pariwo. Oyèníran ti wà nínú ọkọ̀, ó ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, lábẹ́ igi máńgòrò, ni Tanímọlá jókòó sí, ó ń fi yanrìn ṣeré.

Oyèníran tẹ bíréèkì. Yọ̀ọ̀! Ó tún un tẹ̀. Yọ̀ọ̀!

"Yéè! Ọmọ mi o!" Àṣàkẹ́ sáré tẹ̀ lé e, gèlè rẹ̀ já bọ́.

Jìnnìjìnnì mú ọkọ̀. "Páàdì, dákun, dì mí mú!"

"Ara mi ń yọ̀," ni Páàdì dáhùn. "Àfi kí n ha ara mi mọ́ irin kí òrí yìí tó lè kúrò. Yóò sì dún. Ìwọ lo ní o ò fẹ́ ariwo."

"Ké! Bó o ṣe fẹ́ ni kó o máa ké! Màá máa tẹrí ba fún ọ!"

Páàdì ha ara mọ́ irin. Kíríííín! Òrí di èéfín. Páàdì gé irin jẹ, imú ọkọ̀ sì lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀, ó dúró síwájú ẹsẹ̀ Tanímọlá. Ọmọ náà fi kóró máńgòrò gbá a nímú, ó bú sẹ́rìn-ín.

Àṣàkẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mẹkáníìkì. Ọkọ̀ ti gbọ́n. Ó ku ẹni tó ń wà á."

Láti ọjọ́ náà ni páàdì ti máa ń ké kó tó jẹ tán, tí kò sì fẹ́ rí òrí tàbí epo sójú. Láti ọjọ́ náà sì ni ọkọ̀, bó ti wù kó lẹ́wà tó, ti ń tẹ imú rẹ̀ ba nígbàkigbà tí Páàdì bá ní kó dúró.