Omi Àlejò

Agogo méjìlá ọ̀sán ni, oòrùn mú ganrínganrín, nígbà tí olùkọ́ kan láti yunifásítì òkè odò tún wá kọ́ abúlé wa bí a ṣe ń tọ́jú odò nítorí àwọn ọmọ ọ̀la. Odò tí gọ́tà yunifásítì wọn ń da ìdọ̀tí sí! Ìyá Adéọtí bu omi odò náà fún un, bí a ti ń ṣe fún àlejò. Ó ń hó bí omi ìfọṣọ.

“Ọ̀gá, ẹ mu ún, oòrùn ti pa yín.”

“Ìyá, mi ò lè mu èyí.”

“Kí ló dé? Òun làwọn ọmọ wa ń mu tí inú ń run wọ́n. Ẹni tó ní òun ó dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò.”

Olùkọ́ náà gbé ife omi náà wọ mọ́tò, ó ní kí dírẹ́bà darí sí yunifásítì.