Ìjàpá àti Ìgbákọ Àgbo Méje

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ta kété, ó ré odò kọjá, ó padà wá jókòó sẹ́nu ìkòkò àgbo. Kí ló dé tí Ìjàpá fi ń fa orí wọlé bí nǹkan bá súnmọ́ ẹnu rẹ̀? Ẹ mú ìbéèrè yẹn dání.

Àwọn tó wà níbẹ̀ nìyí. Ìyá ìyá mi ní n kò gbọdọ̀ fo ẹnì kankan. Ehoro wà níbẹ̀, òun ló kọ́kọ́ ṣe àgbo náà. Àkùkọ wà níbẹ̀, Ọ̀kẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, Àgbò wà níbẹ̀. Ìjàpá wà níbẹ̀, Yánníbo ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í. Ọ̀nì, ọba òdìkejì odò, kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ibà ló ń pa ọmọ ẹranko nígbà náà. Ehoro sin ọmọ mẹ́ta kí ó tó rí ewé orúwo pò mọ́ ewé mìíràn, tí àgbo náà ń hó nínú ìkòkò láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, tí ó sì ń lé ibà lọ. Òun nìkan kò lè dá a ṣe. Àwọn yòókù bá a já ewé, wọ́n bá a pọn omi, wọ́n sì fi ọmọ ayò mẹ́wàá pín ìkòkò náà, ọmọ ayò kan fún ìpín kan. Ehoro mú mẹ́ta. Àkùkọ, Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Àgbò mú méjì méjì. Ìjàpá mú ẹyọ kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ni yóò máa pàṣẹ.

Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe: kí àgbo tuntun tó kan aláìsàn, àwọn tó ni ín ni yóò kọ́kọ́ mu ún. Ọmọ ayò kan, ìgbákọ kan. Ẹni tí kò bá mu tirẹ̀ tán, kò ní ìpín mọ́.

Àgbo náà korò, ẹ̀yin ọmọ! Ìjàpá kò tọ́ ọ wò rí. Yánníbo ló máa ń bá a mu tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀nì pe Ìjàpá sétí odò.

"Gba ìkòkò yẹn fún mi. Bó bá dé ọ̀dọ̀ mi, gbogbo ẹni tí ibà bá mú, ní ìhín àti ní ọ̀hún, yóò máa kúnlẹ̀ fún mi. Màá fi ọ́ jẹ Ọ̀tún mi. Ṣùgbọ́n má dárúkọ mi o!"

"Kábíyèsí, ẹnu mi ti di òkúta."

Yánníbo nìkan ló sọ fún. Ó sáré lọ bá Àkùkọ. "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé ọmọ ayò ṣeé ṣà jẹ ni? Gba àgbàdo, kó ọmọ ayò tìrẹ fún mi." Àkùkọ gbà. Ọ̀kẹ́rẹ́ gba ẹ̀kùrọ́. Ó wá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sétí Àgbò: "Ehoro ní ìwo rẹ wúwo ju ọgbọ́n rẹ lọ."

"Èmi Àgbò? Gba tèmi! N kò bá a ṣe mọ́!"

Méje pé!

Lọ́jọ́ ìpàdé nílé Ehoro létí odò, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún Ehoro wà lórí ẹní, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Ìjàpá wọlé, ó da ọmọ ayò sílẹ̀ wàrà.

"Èmi ni mò ń pàṣẹ. Mò ń gbé ìkòkò kọjá odò lónìí."

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"Kó tẹ̀lé ìkòkò lọ."

Ehoro wò ó. "Ìjàpá, ta ló rán ọ?"

"Ta ni yóò rán èmi? Tèmi ni méjèèje! Tèmi nìkan!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àgbo tuntun ló wà nínú ìkòkò." Ehoro bu ìgbákọ mẹ́ta, ó gbé e mì, kò ṣẹ́jú. "Ó ku méje tìrẹ."

Ìjàpá yíjú. "Yánníbo, ìyàwó mi àtàtà..."

"Baálé mi, ọ̀kan ni mo máa ń bá yín mu. Méje? Ṣé àwa méjèèjì la jọ fẹ́ jẹ oyè Ọ̀tún ni?"

Ni orin bá sọ lẹ́nu gbogbo wọn:

*Oní méje, gbé e mì!*
*Gbé e mì!*
*Ìpín ńlá, ìgbákọ ńlá!*
*Gbé e mì!*

Ìgbákọ kìíní, ojú Ìjàpá hunjọ. Ìkejì, ọrùn rẹ̀ hunjọ. Ìkẹta, ó figbe ta: "Ọ̀nì ló ni ín! Ẹ pe Ọ̀nì kó wá mu ún!"

Ọ̀nì ti yọ orí létí odò tipẹ́. Bó ti gbọ́ "mu ún", ó ní, "Ìjàpá wo? N kò mọ̀ ọ́n rí!" Jàbú! Ó ti wọmi.

Ehoro sún ìgbákọ kẹrin mọ́ Ìjàpá lẹ́nu. Fìà! Orí wọ inú ikarahun, ìpín sì bọ́. Àkùkọ, Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Àgbò fi ìtìjú mu tiwọn, wọ́n gba ọmọ ayò wọn padà. Ehoro bu àgbo fún ọmọ rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ ní ebi ń pa òun!

Ìdí rèé tí Ìjàpá fi ń fa orí wọlé títí dòní: ó rò pé ìgbákọ kẹrin ló dé. Ibẹ̀ ni àlọ́ mi sọ̀ sí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ìkòkò mi má hó mọ́.

Àwẹ̀ró ọmọ ọmọ mi, ìṣojú rẹ ni mo ti mu tèmi. Ó yá, gba ife àgbo yìí, má fa orí wọlé.