Oníwo Tó Para Dà Di Agbọ́n

Ààlọ́ rèé o!
Ààlọ̀! Kó máa bọ̀!
Ó fò fìrì, ó bà lé Oníwo, kòkòrò inú ọ̀dàn. Ẹni tí oorun bá ń kùn kó lọ sùn, mi ò ní í tún un sọ.

Oníwo kò lóró. Alángbá ti pa ọkọ rẹ̀ jẹ. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún un, inú igi gbígbẹ ló fi í pamọ́ sí. Ó kìlọ̀ fún un pé, "Agbọ́n a máa gbọ́mọ lọ. Tó bá dé, má jáde."

Òun fúnra rẹ̀ wá lọ para dà bí agbọ́n kí Alángbá lè máa sá fún un. Ó fi èédú fa ilà sára, ó fi okùn fún ìbàdí pinpin, ó gé ìwo gígùn rẹ̀ kúrò. Alángbá rí i, ó sá.

Ọjọ́ náà gan-an ni ọdẹ finá sí ọ̀dàn. Oníwo sáré wálé, ó kan igi. Ẹ gbè é:

Ọmọ mi, iná ń bọ̀ o!
Wìnrìnwìn!
Jáde sí mi o!
Wìnrìnwìn!

Ọmọ yọjú níhò. "Ìyá mi kì í fa ilà. Agbọ́n ni ọ́!"

Oníwo kọ orin náà lẹ́ẹ̀kejì.

"Ìbàdí ìyá mi tóbi. Lọ!"

Lẹ́ẹ̀kẹta, èéfín ti bo igi.

"Ó dáa, na ìwo rẹ wọlé kí n fọwọ́ kàn án."

Ìwo dà?

Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá mi ti sọ fún mi nípa rẹ." Ó fi ẹ̀rún igi dí ihò.

Iná dé, ó jó igi náà. Oníwo ṣì ń kọrin.

Ẹ má gbè é mọ́, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó ń dá a lóhùn ò sí mọ́. Ẹ dìde, ẹ wọlé.