Pákó Yàrá Màmá

Ojú Màmá Àbẹ̀bí ti di bàìbàì, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó ń gbé sì ti fẹ́ wó, síbẹ̀ ó kọ̀ láti kó lọ sí ilé tuntun tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Mojírọ́lá, kọ́. Ó ní ẹsẹ̀ òun kò mọ ilẹ̀ ibẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbé wọn ní tipátipá,” ni Gbadérò wí, àbúrò Mojírọ́lá tó jẹ́ káfíńtà.

“Rárá o. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣé a lè tú pákó ilẹ̀ yàrá wọn?”

Gbadérò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Màmá lọ kí ẹbí fún ọjọ́ mélòó kan, Gbadérò fara balẹ̀ fa ìṣó kọ̀ọ̀kan jáde kí pákó ìrókò náà má baà là. Ó fá wọn, ó fi òróró pa wọ́n, ó sì tò wọ́n sí yàrá tuntun bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Wọ́n bẹ Màmá pé kó kàn yà wo ilé náà kó tó padà sílé. Bó ṣe bọ́ bàtà tó wọ yàrá, ó dúró.

“Ta ló gbé ilẹ̀ mi wá síbí?”

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó dá rìn lọ sídìí fèrèsé, ó jókòó, ó sì ní kí wọ́n lọ kó ẹrù òun wá.